Sàmúẹ́lì Johnson: Pásítọ̀ tó ń gbé lẹ́tà àlàáfíà káàkiri nígbà ogun Kírìjì

Ọ̀nà tó gba Ìgbájọ lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé dákẹ́ rọ́rọ́ lónìí. Ewúrẹ́ lè sùn sí àárín títì kí ọ̀kadà tó wá lé e dìde. Àmọ́ ní nǹkan bíi ogóje ọdún sẹ́yìn, orí àwọn òkè ibẹ̀ yẹn gan-an ni ìbọn ti ń dún láti àárọ̀ di alẹ́, débi pé ìró ìbọn náà ló di orúkọ ogun: Kírìjì.

Nígbàkígbà tí a bá mẹ́nu ba ogun yìí lórí rédíò, orúkọ àwọn jagunjagun ni ẹ̀yin olùgbọ́ wa máa ń kọ́kọ́ dá. Ògèdèǹgbé Ìjẹ̀ṣà. Fábùnmi Òkèmẹ̀sí. Ààrẹ Látòóṣà Ìbàdàn. Kò burú, akọni ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n bàbá kan pè wá lórí fóònù nígbà kan, ó sì béèrè ọ̀rọ̀ kan tó jẹ́ kí gbogbo wa nínú yàrá ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ máa wojú ara wa. Bàbá ní àwọn ti gbọ́ orúkọ àwọn tó ja ogun náà tó, ta wá ni àwọn tó bá wọn parí rẹ̀?

Mo padà lọ ka ìwé. Òótọ́ ni pé kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo ló parí ogun Kírìjì, ọ̀pọ̀ ọwọ́ ló wà níbẹ̀, ti ọba, ti ìjòyè, ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó. Ṣùgbọ́n orúkọ àwọn pásítọ̀ méjì kan kò ṣeé yọ sílẹ̀, ọmọ Yorùbá sì ni àwọn méjèèjì: Charles Phillips tó wà ní Oǹdó, àti Sàmúẹ́lì Johnson tó wà ní Ọ̀yọ́. Johnson ni tòní.

Ọmọ ẹrú, ọmọ ọba

Ọjọ́ 24, oṣù Kẹfà, ọdún 1846 ni wọ́n bí Sàmúẹ́lì ní ìlú Hastings ní ilẹ̀ Saró, tí a mọ̀ sí Sierra Leone lónìí. Orúkọ bàbá rẹ̀ ni Henry Erúgúnjìnmí Johnson. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni bàbá yìí, ìdílé Aláàfin Abíọ́dún ló sì ti ṣẹ̀ wá. Ẹ wo bí ayé ṣe máa ń yí. Abíọ́dún ni Aláàfin tí gbogbo ènìyàn máa ń ní ayé dùn nígbà tirẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn ikú rẹ̀ tí Ọ̀yọ́ Ilé fi dàrú, tí ogun gba gbogbo ilẹ̀ kan, tí ọmọ ọba àti ọmọ mẹ̀kúnnù jọ ń bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń ta ènìyàn. Bí ọ̀pọ̀ Yorùbá mìíràn tó di ará Saró, ogun àti òwò ẹrú ló gbé ìdílé Johnson débẹ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ló jẹ́ kí n lóye ọkùnrin yìí. Kì í ṣe inú ìwé ló ti kà pé ogun burú. Bí kò bá sí ogun, Hastings kọ́ ni wọn ì bá bí i sí.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1857, ẹbí náà kó ẹrù wọn, wọ́n sì padà sí ilẹ̀ bàbá wọn. Oṣù Kìíní 1858 ni wọ́n wọ Ìbàdàn. Iṣẹ́ ìyìn rere ni bàbá Johnson wá ṣe pẹ̀lú David Hinderer, òyìnbó Jámánì kan tí ẹgbẹ́ CMS rán wá, tí òun àti ìyàwó rẹ̀ Anna tẹ̀dó sí Kúdẹtì. Sàmúẹ́lì kò tíì pé ọmọ ọdún 12 nígbà yẹn. Inú ọgbà Hinderer ló dàgbà sí, níbi tí ìwé kíkà, orin àti iṣẹ́ oko ti jọ ń lọ.

Ìbàdàn tí wọ́n bá kì í ṣe Ìbàdàn ti Dùgbẹ̀ àti Challenge o. Ìlú ológun ni. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ló sá wá láti ìlú tó ti tú, ìlú náà wá di èyí tó ń tú ìlú àwọn ẹlòmíràn. Bí ènìyàn bá fẹ́ gbayì, ogun ló máa lọ, ẹrú ló máa kó bọ̀.

Kò ju ọdún méjì lọ lẹ́yìn tí wọ́n dé tí ogun Ìjàyè fi bẹ́ sílẹ̀, ní 1860. Ìbàdàn dojú kọ Kúrunmí, Ẹ̀gbá wá gbè é, ọ̀nà tó lọ sí Èkó sì dí. Owó kò lè dé láti òkè òkun, ẹrù kò lè dé. Ebi pa wọ́n nínú ọgbà Kúdẹtì débi pé àwọn Hinderer ń ta àwọn nǹkan ilé wọn kí àwọn ọmọ tó wà lọ́dọ̀ wọn lè jẹun. Ní 1862, Ìjàyè fọ́. Ìlú ńlá yẹn dahoro, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ bíi ẹran. Ọmọ ọdún 15 ni Johnson. Ìlú tó ń gbé ló borí, ṣùgbọ́n òun mọ ohun tí ó túmọ̀ sí láti jẹ́ ẹni tí wọ́n kó.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n rán an lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ti CMS ní Abẹ́òkúta, lábẹ́ Jámánì mìíràn tó ń jẹ́ Bühler. Ó lo ọdún bíi mẹ́ta níbẹ̀. Nígbà tó fi máa padà sí Ìbàdàn ní 1866, bàbá rẹ̀ ti kú, ó sì di olùkọ́ ilé ìwé, ní Kúdẹtì lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ní Arẹ̀mọ. Láti 1875, wọ́n fi iṣẹ́ ìjọ Arẹ̀mọ lé e lọ́wọ́. Ìlú tó jẹ́ pé ìbọn ni ọmọkùnrin ń lálàá rẹ̀, òun ń kọ́ ọmọ ní A, B, D. Kì í ṣe iṣẹ́ tí orúkọ wà nínú rẹ̀. Tí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló parí sí, a kò ní máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí.

Nígbà tí Èkìtì ní ó tó gẹ́ẹ́

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ lórí ohun tó fa Kírìjì, torí àwọn kan máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé ìlú kan ṣáà ń ja ìlú kan. Ọ̀rọ̀ ìwà ìrẹ́jẹ ni. Ìbàdàn ti ṣẹ́gun ọ̀pọ̀ ìlú ní Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì, wọ́n wá ń fi ajẹ́lẹ̀ síbẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ yìí ló ń gba ìṣákọ́lẹ̀, òun àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń jẹun lórí ìlú. Àwọn mìíràn nínú wọn kò mọ ìwọ̀n. Ohun tó bá wù wọ́n nínú oko, nínú ilé, wọn yóò mú. Obìnrin ilé olówó ilé pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ní 1878, Fábùnmi fi ìbínú pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ní Òkèmẹ̀sí, iná sì ràn. Ìlú kan tẹ̀ lé ìkejì, wọ́n lé ajẹ́lẹ̀, wọ́n pa òmíràn, wọ́n sì para pọ̀ di Èkìtì Parapọ̀. Lóṣù Kọkànlá ọdún yẹn, Ìbàdàn ṣẹ́gun wọn ní ẹ̀bá Ìkìrun, nínú ogun tí wọ́n ń pè ní Jálumi, torí àwọn tó ń sá lọ bẹ́ sínú odò. Ẹni tó bá rò pé ó ti parí ṣe àṣìṣe. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ oníṣòwò àti onígbàgbọ́ tó ti Saró dé, dá owó jọ, wọ́n ra ìbọn ìgbàlódé, wọ́n sì fi ránṣẹ́. Ògèdèǹgbé gba ipò olórí ogun. Ààrẹ Látòóṣà fúnra rẹ̀ jáde láti Ìbàdàn. Ẹgbẹ́ ogun Ìbàdàn wà níhà Ìgbájọ, ti Èkìtì Parapọ̀ wà níhà Ìmẹ̀sí-Ilé, kò sì sẹ́ni tó lè lé ẹnìkejì kúrò.

Ọdún ń gorí ọdún. Ibùdó ogun di ìlú. Wọ́n kọ́ ilé síbẹ̀, wọ́n ń ná ọjà níbẹ̀, wọ́n ń bímọ síbẹ̀. Àwọn Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá náà ti ọ̀nà pa mọ́ Ìbàdàn kí wọ́n má bàa rí iyọ̀ àti ẹ̀tù rà. Ìlọrin ń bá wọn jà láti òkè ní Ọ̀fà. Ìbàdàn wá dà bí ẹni tí ilé ń jó yí ká, síbẹ̀ tí kò fẹ́ gbà pé òun ló ṣáná sí i.

Lẹ́tà Aláàfin

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1880, wọ́n fi Johnson jẹ díákónì ní Èkó. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n rán an lọ sí Ọ̀yọ́ láti máa bójú tó ìjọ ibẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti yí padà.

Aláàfin ìgbà náà ni Adéyẹmí Kìíní. Lórúkọ, òun ni olúwa Ìbàdàn. Ní ti agbára, kò sí ohun tó lè ṣe sí Látòóṣà. Kò tún lè bá Èkìtì sọ̀rọ̀ kí wọ́n gbọ́, torí lójú wọn, Ọ̀yọ́ ni Ìbàdàn, Ìbàdàn náà ni Ọ̀yọ́. Aláàfin ronú pé àfi kí ẹnì kan láti ìta dá sí i. Ó fẹ́ kọ̀wé sí gómìnà ní Èkó pé kí ìjọba ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì wá la ìjà náà.

Ta ló máa kọ lẹ́tà? Ta ló máa gbé e? Ìránṣẹ́ Aláàfin kò lè gba ọ̀nà Ìjẹ̀bú tàbí ti Ẹ̀gbá kọjá bí ẹni ń re ọjà. Pásítọ̀ ni ó ṣeé ṣe fún. Bàbá ọba tí kò sin ẹ̀sìn Krístì, tí Ṣàngó wà láàfin rẹ̀, wá fi ọ̀rọ̀ ìlú àti ẹ̀mí àwọn ènìyàn rẹ̀ lé pásítọ̀ lọ́wọ́. Mo ti ka apá yìí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ó ṣì máa ń yà mí lẹ́nu. Àwọn méjèèjì kò gbà lórí ta ni Ọlọ́run fẹ́ kí ènìyàn máa bọ. Wọ́n gbà pé ogun gbọ́dọ̀ tán.

Ní òpin 1881, Johnson gbé lẹ́tà Aláàfin dé Èkó. Ẹni tó ń rin ìrìn báyìí nígbà náà, ẹ̀mí rẹ̀ ló fi dúró. Bí ẹgbẹ́ ogun kan bá mú un, amí ni wọn yóò pè é. Tí ó bá sì délé láyọ̀, àwọn ìjòyè ogun tí àlàáfíà kò ṣe láǹfààní kò ní fi ojú rere wò ó. Ó padà mú èsì bọ̀, wọ́n tún rán an. Láàárín 1881 sí 1882 yìí, ìjọba Èkó fetí sílẹ̀, wọ́n gba ìránṣẹ́ Aláàfin lálejò, wọ́n béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọba mìíràn. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá wọn ní Lọ́ńdọ̀nù kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó wọn sínú ogun àárín ilẹ̀ Yorùbá. Kò sí ohun tó jáde níbẹ̀. Òyìnbó ẹgbẹ́ CMS kan tó ń jẹ́ Wood náà lọ sí ibùdó ogun ní 1884 láti bá wọn ṣe é, òun náà padà lọ́wọ́ òfo.

Ẹ má jẹ́ ká fò ó kọjá kíákíá. Ọdún márùn-ún gbáko ló wà láàárín lẹ́tà àkọ́kọ́ àti ọjọ́ tí ìbọn dákẹ́. Ní gbogbo ìgbà yẹn, Johnson ń wàásù ní Ọ̀yọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi, ó ń ṣèrìbọmi fún ènìyàn díẹ̀, ó sì ń gbọ́ ìròyìn òkú láti Kírìjì.

1886

Ní 1885, Látòóṣà kú sí ibùdó ogun. Balógun Àjàyí Ọ̀ṣúngbékùn gba ipò olórí. Ó ti rẹ gbogbo ènìyàn. Ní Èkó náà, gómìnà tuntun ti dé, Alfred Moloney, ẹni tí ó rí i pé òwò kò lè lọ bí ọ̀nà ṣe dí yẹn. Ẹ má ṣe rò pé àánú nìkan ló ṣe é. Òwò epo àti ekùrọ́ wà níbẹ̀, ojú sì tún wà lára àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù mìíràn tó ń wá ilẹ̀ kiri. Ṣùgbọ́n Moloney kò rán ṣọ́jà. Pásítọ̀ méjì ló rán: Phillips tí àwọn Èkìtì gbẹ́kẹ̀ lé, àti Johnson tí Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn mọ̀ dáadáa.

Ọgbọ́n wà nínú yíyàn yẹn. Johnson fúnra rẹ̀ kò lè dá lọ bá Ògèdèǹgbé kí ó ní òun kò gbè sẹ́yìn ẹnì kankan. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ọmọ ilé ọba tún ni, Ìbàdàn ló ti dàgbà. Ilà ojú wọn pàápàá kò jọra. Ohun tó ṣe ni pé ó gbà kí ẹlòmíràn tí àwọn yẹn gbà gbọ́ wà níbẹ̀, tí àwọn méjèèjì sì jọ ń gbé ọ̀rọ̀ kan náà. Wọ́n lọ sí ibùdó méjèèjì, wọ́n tọ àwọn ọba lọ, wọ́n mú àwọn aṣojú wá sí Èkó, wọ́n tún gbé ìwé padà lọ. Ọjọ́ 4, oṣù Kẹfà, 1886 ni déètì tó wà lórí ìwé àdéhùn náà. Aláàfin, Ọ̀wá Iléṣà, Ọ̀rẹ̀ Ọ̀tùn, Ajerò, Awùjalẹ̀ àti àwọn mìíràn fọwọ́ sí i, pẹ̀lú àwọn olórí ogun.

Kí ló wà nínú rẹ̀? Èyí tó tóbi jù ni pé Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà di òmìnira lọ́wọ́ Ìbàdàn. Ẹ tún un kà. Ọmọ Ọ̀yọ́ tó dàgbà sí Ìbàdàn ló gbé ìwé lọ bá Ìbàdàn pé kí wọ́n fi àwọn tí wọ́n ń jẹ gàba lé lórí sílẹ̀. Lọ́wọ́ kejì, àwọn ìlú mẹ́rin, Ọ̀tan, Ìrẹ̀sì, Àdá àti Ìgbájọ, yóò wà lábẹ́ Ìbàdàn, àmọ́ ẹni tí kò bá fẹ́ dúró níbẹ̀ lè kó jáde láìsí ẹni tó máa dá a dúró. Ìjà yòówù tó bá tún fẹ́ ṣẹlẹ̀, kí wọ́n gbé e wá sọ́dọ̀ gómìnà ní Èkó dípò kí wọ́n gbé ìbọn.

Kíkọ ọwọ́ sí ìwé kọ́ ni ìṣòro. Ta ló máa kọ́kọ́ yí ẹ̀yìn padà lójú ogun, lẹ́yìn ọdún bíi mẹ́jọ? Bí ẹ bá kó ẹrù yín tí àwọn tí ẹ̀yìn wọn kò rò rere bá lé yín ńkọ́? Nítorí náà ni Èkó fi rán kọmíṣánnà méjì, Higgins àti Smith, wá pẹ̀lú àwọn ṣọ́jà láti dúró láàárín, àwọn pásítọ̀ náà sì tún wà níbẹ̀ bí ògbufọ̀ àti alárinà. Ọjọ́ 23, oṣù Kẹsàn-án, 1886, wọ́n kéde àlàáfíà ní Kírìjì. Àwọn tí wọ́n ti ń yìnbọn fún ara wọn láti ọdún yìí wá rí ojú ara wọn ní gbangba. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó kúrò, iná sì jó ibùdó ogun náà, gbogbo ilé tí wọ́n ti gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún yẹn, ó di eérú.

Ohun tí àdéhùn kò lè parí

Tí mo bá dá a dúró síbí, ìtàn á dùn. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ ìròyìn ṣe kọ́ mi, ẹ̀yìn àsè là ń mọ̀ bóyá oúnjẹ tó.

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹgbẹ́ ogun Ìbàdàn kò lọ sílé. Ìkìrun ni wọ́n kọjá sí láti dojú kọ Ìlọrin, torí Ìlọrin kò sí nínú àdéhùn. Ọdún 1887 ni Ọ̀fà fọ́. Ìjà ìyẹn kò tán títí gómìnà Carter fi rin ilẹ̀ Yorùbá já ní 1893.

Ìkejì ni Mọdákẹ́kẹ́. Ó wà nínú àdéhùn pé kí àwọn ará Mọdákẹ́kẹ́ kúrò nílẹ̀ Ifẹ̀, kí wọ́n tẹ̀dó sí àárín odò Ọ̀ṣun àti odò Ọbà. Wọn kò lọ. Ẹni tí wọ́n bí sí ibì kan, tí wọ́n sin bàbá rẹ̀ síbẹ̀, ìwé wo ló máa mú un kó kúrò? Lójú tèmi, ibí yìí ni àwọn alárinà náà ti ṣe ìdájọ́ tó ju agbára wọn lọ. Ọmọdé ni mí nígbà ìjà Ifẹ̀ àti Mọdákẹ́kẹ́ ti 1997 sí 2000. Mo rántí pé bí ìròyìn aago méje bá ti bẹ̀rẹ̀ lórí rédíò bàbá mi, ìyá mi á dá ọwọ́ iṣẹ́ dúró, torí a ní ẹbí níbẹ̀. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé ọ̀rọ̀ tí mò ń gbọ́ ti wà lórí ìwé láti 1886.

Ìkẹta ló tóbi jù. Òyìnbó tí wọ́n pè wá la ìjà kò padà sílé. Ìlà tó ní kí wọ́n máa gbé ẹjọ́ wá sí Èkó yẹn, ó dà bí ọ̀rọ̀ kékeré nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́. Kí ọdún mẹ́wàá tó pé, wọ́n ti fi ìbọn ńlá gba Ìjẹ̀bú ní 1892, Ìbàdàn ti fọwọ́ sí ìwé ní 1893, nígbà tó sì di oṣù Kọkànlá 1895, Captain Bower yin àgbá sí ìlú Ọ̀yọ́ fúnra rẹ̀. Aláàfin Adéyẹmí kan náà tó kọ lẹ́tà ni ó wà lórí ìtẹ́. Johnson kan náà tó gbé lẹ́tà ni pásítọ̀ ìlú náà.

Àwọn kan nínú wa máa ń fi èyí bú u. Wọ́n ní òun ló ṣílẹ̀kùn. Mo gbọ́ wọn. Ṣùgbọ́n mo máa ń bi ara mi pé kí ni ẹni tó ń sin òkú ọmọ tí ogun pa ní 1881 ì bá ti ṣe, tí kò sí ẹnì kankan nínú ilẹ̀ tí ẹgbẹ́ ogun méjèèjì gbà gbọ́? Ó dájú pé Johnson gbà pé ọwọ́ Ọlọ́run ló mú Gẹ̀ẹ́sì wá. Mi ò gbà pẹ̀lú rẹ̀ níbẹ̀. Lórí pé kí wọ́n dáwọ́ ìpànìyàn dúró kí wọ́n sì fi Èkìtì sílẹ̀, mo gbà.

Ìwé tó sọnù

Láàárín gbogbo wàhálà yìí, Johnson ń kọ nǹkan sílẹ̀. Ó ṣe é ní kọ̀rọ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tó ń dùn ún ni pé àwọn ọmọ Yorùbá tó kàwé mọ ìtàn Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n mọ ti Róòmù àti ti Gíríìsì, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ti ilé wọn. Ó jókòó ti àwọn arọ́kin ààfin Ọ̀yọ́. Ó tún lọ bá àwọn àgbà tí ojú wọn ti rí ogun: David Kúkọ̀mí, tó jẹ́ jagunjagun kó tó di bàbá ìjọ ní Ìbàdàn, Josiah Òní, oníṣòwò, àti Lágúnjú, Tìmì Ẹdẹ, tó jẹ́ Mùsùlùmí. Kò béèrè ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí tí ènìyàn ń lọ kó tó jókòó gbọ́ ìtàn lẹ́nu rẹ̀.

Ní 1897 ló parí ìwé ńlá náà, òun ni The History of the Yorubas. Ká má tàn ara wa, ojú Ọ̀yọ́ ló fi wo ayé nínú rẹ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé láti Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Èkìtì sì ti ń bá a ṣe àríyànjiyàn lórí rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Síbẹ̀ kò fi ìkà àwọn olórí ogun Ìbàdàn pamọ́. Ó dárúkọ wọn, ó sọ ohun tí wọ́n ṣe.

Wọ́n fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé kan ní ìlú òyìnbó. Kò padà wá mọ́. Iṣẹ́ bíi ogún ọdún pòórá báyẹn. Ọjọ́ 29, oṣù Kẹrin, 1901 ni Sàmúẹ́lì Johnson kú, ó ku nǹkan bíi oṣù méjì kó pé ọmọ ọdún 55. Kò rí ìwé rẹ̀ sójú.

Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ọmọ Yorùbá tó kọ́kọ́ kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn òyìnbó, ló kó àwọn ìwé kéékèèké tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀ jọ. Iṣẹ́ ilé ìwòsàn kò jẹ́ kó ráyè, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ó tún gbogbo rẹ̀ kọ látìbẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kìíní 1916, ó fi ránṣẹ́ sínú ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Appam. Ogun àgbáyé kìíní ń lọ lọ́wọ́. Ọkọ̀ ogun Jámánì mú Appam lójú òkun, wọ́n sì wà á lọ sí Amẹ́ríkà. Gbogbo ènìyàn rò pé ó tún ti parí. Lẹ́yìn bíi ọdún méjì ni ìwé náà tó dé ọwọ́ àwọn atẹ̀wé.

Obadiah kú ní 1920. Ìwé náà jáde ní 1921.

Ní Sátidé tó ń bọ̀, Charles Phillips la ó sọ̀rọ̀ lé lórí, pásítọ̀ tó wà níhà ti Èkìtì. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìmẹ̀sí-Ilé, Ìgbájọ, Òkèmẹ̀sí àti agbègbè wọn, tí bàbá àgbà yín bá sọ ìtàn ibùdó ogun fún yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wá nígbà tí ètò bá ń lọ.